Ọ̀rọ̀ Tí Wọ́n Ní Bàbá Rẹ̀ Sọ

Èmi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ìwọ náà mọ̀. O ní kí n máa sọ, ìwọ á máa kọ. Kò burú. Àmọ́ má bá mi tún un ṣe. Bí mo ṣe wí i ni kó wà.

Ọ̀rọ̀ ọmọ Kòríà yẹn ni mo fẹ́ sọ, èyí tí ilẹ̀kùn wọn kọjú sí tiwa ní apátímẹ́ǹtì tí a wà ní Westchase, ní Houston níbí. Ìwọ àti òun lẹ jọ jáde sẹ́kọ́ńdìrì, bọ́ọ̀sì kan náà ló ń gbé yín. Òun àti ìyá rẹ̀ nìkan ló ń gbé ibẹ̀. Bàbá wọn wà ní Kòríà, níbi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi ló ti ń ṣiṣẹ́. Èmi kọ́kọ́ rò pé tọkọtaya yẹn ti kọ ara wọn ni. Ìyá rẹ tí mo bí ló sọ fún mi pé rárá, pé bí àwọn kan nínú wọn ṣe ń ṣe é nìyẹn: ìyá á gbé ọmọ wá síbi tí ìwé ti dáa, bàbá á dúró nílé, á máa ṣiṣẹ́, á máa fi ránṣẹ́, ó di ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún kó tó fojú kàn wọ́n. Mo ní ọkùnrin tó lè ṣe ìyẹn, ó gbìyànjú. Èmi tí mo fi iṣẹ́ bíríkìlà tọ́ ọmọ, kò sí ibi tí wọ́n gbé mi lọ mọlé tí mi ò ní wá bí n ó ṣe padà wálé wá wo ojú wọn.

Mo rí ọkùnrin náà lẹ́ẹ̀mejì péré. Ìgbà àkọ́kọ́, ìyàwó rẹ̀ mú un wá kí mi, torí èmi ni mo dàgbà jù ní ojúde yẹn. Kò gbọ́ Yorùbá, mi ò gbọ́ Kòríà, òyìnbó tí àwa méjèèjì jọ gbọ́ kò sì kún ṣíbí. Ìyá rẹ gbé ẹlẹ́rìndòdò fún wa. Ọkùnrin yẹn fi ọwọ́ méjèèjì bu tèmi fún mi. Nígbà tí òun fẹ́ mu tiẹ̀, ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fi èjìká bo kọ́ọ̀bù kí n má baà rí ẹnu rẹ̀. Mo rò pé ó ń tijú ni. Ọmọ rẹ̀ ní àwọn kì í kọjú sí àgbà mu nǹkan. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti fẹ́ràn ọkùnrin náà. A jókòó títí oòrùn fi kúrò lára ògiri, ọ̀rọ̀ tí a sọ kò tó nǹkan, ó sì tẹ́ àwa méjèèjì lọ́rùn. Ìgbà kejì, a kàn kí ara wa lójúde ni.

Ọmọ náà mọ̀wà hù bíi bàbá rẹ̀. Bó bá pàdé mi lójúde, á tẹ̀ kóró títí orí á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan orúnkún. Mo máa ń sọ fún ẹ pé, wo ọmọ Kòríà bó ṣe ń kí mi, ìwọ ọmọ Yorùbá, háì ni tìẹ. Ìwọ á ní kí n kúkú lọ gbà á ṣọmọ.

Ohun tó fẹ́ràn ni òfuurufú. Láàárọ̀, bó bá ń dúró de bọ́ọ̀sì, á gbé ìgbọ̀nwọ́ lé irin ojúde, á máa wo òkè. Á ní òjò máa rọ̀ kí ẹ tó ti iléèwé dé, tàbí pé kò ní rọ̀. Bíríkìlà ni mí. Ẹni tó bá ti po sìmẹ́ńtì sílẹ̀ rí, tí òjò wá kó o lọ, kò ní fi ọ̀rọ̀ òjò ṣeré, nítorí náà ọ̀rọ̀ wa wọ̀. Nígbà míì ó máa ń rí bẹ́ẹ̀, nígbà míì kì í rí bẹ́ẹ̀. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, á lọ wádìí ẹ̀ lórí fóònù, á padà wá ṣàlàyé ìdí tí òjò fi ya ibòmíràn lọ. Ìwọ lo máa ń túmọ̀ rẹ̀ fún mi, tí wàá máa sọ pé, “Bàbá àgbà, ó tún ti bẹ̀rẹ̀ o.” Ó lóun ti ń wo ojú ọjọ́ láti ìgbà tí òun wà ní kékeré, nígbà tí àgbàrá wọ ilé ìsàlẹ̀ tí wọ́n ń gbé nígbà yẹn. Ẹ̀kọ́ ìjì àti òjò ló fẹ́ kà, bí wọ́n ṣe ń mọ̀ ọ́n kó tó dé, kí wọ́n lè kìlọ̀ fáwọn èèyàn.

Nígbà tó di ọdún tí ẹ fẹ́ jáde, tábìlì wa lẹ jọ ń jókòó sí. Ẹ ti kọ̀wé sí yunifásítì káàkiri, èsì ń bọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí fóònù bá ti dún, ẹni tó ni ín á fọwọ́ bojú, ẹnì kejì á bá a wò ó. Yunifásítì kan ní Third Ward níbí gba ọmọ náà láti ka ẹnjiníà, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ ní àwọn ilé ìfọpo tó wà ní Pasadena, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú yìí. Òmíràn wà lókè lọ́hùn-ún, ní ìpínlẹ̀ míì, ìyẹn gbà á láti kọ́ ọ nípa ìjì. Ọjọ́ tí tibẹ̀ yẹn dé, ó ka gbogbo ẹ̀ sí mi létí láìfi ti pé mi ò gbọ́ ọ ṣe.

Ti ẹnjiníà ni ìyá rẹ̀ fẹ́. Kò fi pamọ́. Ó ní gbogbo ọmọ Kòríà tí òun mọ̀ ní Houston, ẹnjiníà ni wọ́n, bí wọn ò bá jẹ́ dókítà. Mi ò lè bú u. Àwa náà ńkọ́? Lọ bi àwọn ará Nàìjíríà tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì ìyá rẹ pé kí lọmọ wọn ń kà. Wàá gbọ́ nọ́ọ̀sì, wàá gbọ́ dókítà, wàá gbọ́ epo rọ̀bì. Ẹni tó máa lanu sọ pé ìjì lọmọ òun ń kà, mi ò tíì rí i.

Ìyá àti ọmọ fà á títí. Ní ìgbẹ̀yìn, ọmọ ní bàbá òun ló máa dá a. Ohun tí bàbá bá sọ labẹ gé.

Àmọ́ bàbá ń ṣàìsàn. Láti ìgbà òtútù ló ti wà ní ilé ìwòsàn níbẹ̀. Ohun tí wọ́n sọ fún ọmọ ni pé inú ló ń dùn ún, wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ó ń yá, pé rọ́bà tí wọ́n kì bọ̀ ọ́ lọ́fun ni kò jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun rí i lójú fóònù. Ìyá ní dókítà ò tíì gbà. Ó ní bí bàbá bá ní ọ̀rọ̀, á kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀, òun ni wọ́n á máa kà á sí létí, òun á sì máa jẹ́ ẹ fọ́mọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ẹ ti lọ síléèwé, mo mú abọ́ ìyá náà, mo fẹ́ lọ dá a padà. Ó ti fi bu ẹ̀fọ́ wọn tó ń ta lẹ́nu yẹn fún wa, èmi náà sì ti bu dòdò sí i, torí a kì í dá abọ́ padà lófìfo. Ilẹ̀kùn wọn ṣí sílẹ̀. Èéfín tùràrí ń jáde. Mo yọjú. Ó tẹ́ tábìlì kékeré kan sílẹ̀, ó gbé èso àti ìrẹsì sí i, ṣíbí wà lóròó láàárín ìrẹsì náà. Àwòrán ọkùnrin yẹn wà lókè ẹ̀, aṣọ dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ sì wà ní igun rẹ̀ lápá òkè. Obìnrin náà wọ dúdú, ó kúnlẹ̀, ó forí kanlẹ̀.

Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Ta lèèyàn ń gbé oúnjẹ bẹ́ẹ̀ fún bí kì í bá ṣe ẹni tó ti lọ?

Mo gbé abọ́ sílẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní, “Ẹ kú ìrọ́jú.” Kò lè mọ ohun tí mo wí, àmọ́ ó gbọ́. Ó wò mí. Ó fi ìka lé ẹnu, ó wá nàka sí yàrá ọmọ rẹ̀. Mo fi orí dá a lóhùn pé mo gbọ́.

Nígbà tí ìyá rẹ tibi iṣẹ́ dé, mo sọ fún un, mo ní kó má jẹ́ kí ìwọ gbọ́, torí ọ̀rẹ́ ni yín. Ó lọ bá obìnrin náà. Ó pẹ́ kó tó dé, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní ó ti lé lọ́sẹ̀ kan tí ọkùnrin náà ti kú. Wọ́n ti sin ín. Ní ìlú wọn, àkọ́bí ọkùnrin ló máa ń ṣíwájú òkú bàbá rẹ̀, òun ló ń dúró gba ẹni tó bá wá kẹ́dùn, àwòrán bàbá á wà níwájú òkú bí wọ́n bá ń gbé e lọ. Àbúrò òkú ló dúró dípò ọmọ. Ìyá náà ò lọ pẹ̀lú, torí bó bá lọ, ọmọ á mọ̀. Ẹ̀rù tó ń bà á ni pé bí ọmọ bá gbọ́, á lọ sílé, bó bá sì délé, á rí ìyá bàbá rẹ̀ tó ti darúgbó, á ní ipò bàbá òun ló kan òun, kò ní padà wá. Gbogbo ọdún tí bàbá fi dá gbé á wá já sófo. Ó ní kó yan yunifásítì ná, kó jáde sẹ́kọ́ńdìrì ná, kí òun tó túfọ̀ fún un.

Ìyá rẹ ní, “Bàbá, ṣé kì í ṣe bí àwa náà ṣe ń ṣe é nìyẹn?”

Òótọ́ ni. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi kú, ẹni tó tọ́ ìyá rẹ dàgbà bí ọmọ ara ẹ̀, ìyá rẹ wà nínú ìdánwò nọ́ọ̀sì níbí. A ò sọ fún un. Bó bá tẹ̀ wá láago, a ní ẹ̀gbọ́n mi lọ sóko. Ó jókòó ìdánwò rẹ̀ parí, ó yege, ká tó sọ. Ó sunkún, ó dá wa lẹ́jọ́ díẹ̀, ó wá dúpẹ́. Bá a ṣe mọ̀ ọ́n nìyẹn. A kì í ju òkú lu ọmọ tó wà lẹ́nu ìwé.

Mo sọ fún un pé ìdánwò yàtọ̀. Ẹni tó ń ṣèdánwò, ohun tó ń kọ kò kan ẹni tó kú. Ọmọ yìí ń dúró de ẹnu bàbá rẹ̀ ni. Kí ìyá rẹ bá mi sọ fún obìnrin náà pé kó túfọ̀ kí ọmọ tó yàn. Ó lọ sọ ọ́. Èsì tó mú bọ̀ ni pé obìnrin náà dúpẹ́ lọ́wọ́ Bàbá, ó ní bó bá ti yàn tán ni òun máa sọ. Ìyá rẹ ní kí n fi sílẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilé wa. Mo fi sílẹ̀.

Kò pẹ́ sígbà yẹn ni ọmọ wọlé tọ̀ wá, inú rẹ̀ kò dùn. Ìwọ lo bi í. Ó ní bàbá òun ti sọ̀rọ̀. Ó ní ìyá òun ní bàbá ní kí òun dúró ní Houston, kí òun ka ẹnjiníà, kí òun má fi ìyá sílẹ̀ lóun nìkan. Mo ń gé èékánná lórí àga. Mi ò gbójú sókè.

Ó bínú fún ọjọ́ mélòó kan. Ó ní bàbá òun ò mọ òun, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ló ń rí òun, kí ló mọ̀ nípa ohun tí òun fẹ́. Ọ̀rọ̀ tó le lẹ́nu ọmọ ni, ẹni tó ń sọ ọ́ sí sì ti wà nínú ilẹ̀. Ó ní kí ìyá òun bá òun sọ fún un pé òun ò ṣe. Ìyá ní òun á sọ ọ́. Ní ọjọ́ kejì, ó ní bàbá ní òun bẹ̀ ẹ́ ni.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ yẹn ló mú un. Ó wá jókòó sí tábìlì wa, ó ní kò dáa kí òun máa bá aláìsàn jà. Ó ní bó bá gbọ́ pé òun ti gbà, ara á yá a. Ó ṣí kọ̀ǹpútà, ó tẹ̀ ẹ́. Ó tẹ ti ìjì nù, ó tẹ ti ẹnjiníà wọlé. Ìwọ pàtẹ́wọ́ fún un, o ò mọ nǹkan kan. Mo dìde, mo bọ́ sójúde. Ìyá rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà wọn. Mo kàn mi orí sí i pé ó ti tẹ̀ ẹ́. Ó fọwọ́ di férémù ilẹ̀kùn mú.

Ẹ jáde sẹ́kọ́ńdìrì, ẹ wọ aṣọ gbàgẹ̀rẹ̀, ẹ ya fọ́tò. Ní ọjọ́ Sunday tó tẹ̀ lé e, obìnrin náà ní kí a wá, èmi àti ìyá rẹ, ìwọ náà tẹ̀ lé wa. Ó fẹ́ kí àgbà wà níbẹ̀. Ìyẹn náà jọ tiwa.

Kòríà ló fi sọ ọ́. Mi ò gbọ́ ọ̀kan nínú rẹ̀, ojú ọmọ ni mo ń wò. Kò pariwo. Ó béèrè nǹkan kan, ìyá dáhùn. Ó tún béèrè, ìyá dáhùn, ó sì tẹríba. Ọmọ wá yíjú sí ẹ, ó bi ẹ́ lóyìnbó bóyá o mọ̀. O ní o ò mọ̀, ẹkún sì ti gbé ẹ. Òótọ́ lo sọ. Kò bi mí.

Ó yí padà sí ìyá rẹ̀. Òyìnbó ló fi bá a sọ èyí, bóyá kí gbogbo wa lè gbọ́. O túmọ̀ rẹ̀ sí mi létí. Ó ní, “Ó ti kú nígbà yẹn. Ta ló wá sọ pé kí n ka ẹnjiníà? Ta ló bẹ̀ mí?”

Ìyá ní bàbá ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Ó ní ọjọ́ wo. Ìyá ò rí ọjọ́ mú.

Mo fẹ́ sọ nǹkan kan, torí ohun tí wọ́n pè mí fún nìyẹn. Ohun tó wà lẹ́nu mi ò ṣeé sọ níbẹ̀. Àwa a máa ní ẹni ọmọ sin ló bímọ. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ìyẹn fún ọmọ tó ti ń ṣe yẹ̀yẹ́ nínú fọ́tò nígbà tí bàbá rẹ̀ ti wà nínú ilẹ̀? Mo gbé ọwọ́ lé e léjìká. Ó jẹ́ kó wà níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó wá rọra yọ èjìká rẹ̀.

Kò lọ sí Kòríà. Ìyá rẹ̀ tó ti ń bẹ̀rù pé á lọ, nísinsìnyí òun ló ń sọ pé kí àwọn jọ lọ síbi sàréè. Ọmọ ní òkú tí wọ́n ti sin, kí ni òun fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀. Nígbà tí yunifásítì wọlé, ó bẹ̀rẹ̀ ẹnjiníà rẹ̀ ní Third Ward. Ó ń lọ, ó ń bọ̀. Ó ń kí mi bó ṣe ń kí mi. Ṣùgbọ́n òun àti ìyá rẹ̀ kì í jọ jẹun mọ́. Ìyá á se oúnjẹ, á gbé e sórí tábìlì, á wọ yàrá lọ, kí ọmọ tó lè jáde wá jẹun.

Nígbà tó yá, obìnrin náà wá bá wa. Ó rù. Ó jókòó síbi tí ọkọ rẹ̀ jókòó sí nígbà tó wá kí mi. Ó ń sọ ọ́ fún ìyá rẹ, ìyá rẹ ń sọ ọ́ fún mi. Ó ní òun ti jẹ́wọ́ fọ́mọ. Ọkọ òun kò sọ nǹkan kan nípa yunifásítì. Láti ìgbà tí wọ́n ti kì rọ́bà bọ̀ ọ́ lọ́fun, kò sọ̀rọ̀ mọ́, kò sì kọ nǹkan kan sílẹ̀. Òun lòun sọ gbogbo ẹ̀, àti èyí tó ní kó ka ẹnjiníà, àti èyí tó bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun ti wádìí, iléèwé á jẹ́ kó yí i padà, ti òkè lọ́hùn-ún náà ṣì lè gbà á lọ́dún tó ń bọ̀. Òun ti bẹ̀ ẹ́ pé kó lọ ka ìjì rẹ̀, kò dáhùn. Ó ní kí Bàbá bá òun bẹ̀ ẹ́, pé ọmọ ń gbọ́ ti Bàbá.

Kò sí bí wọn á ṣe bẹ àgbà níṣẹ́ ẹ̀bẹ̀ kó kọ̀. Mo ní kí ìwọ tẹ̀ lé mi. A bá a níbi tó ti ń dúró de bọ́ọ̀sì, ó gbé báàgì kọ́ èjìká. Ó tẹ̀ kí mi. Mo sọ ọ́ ní ṣókí, mi ò mọ ọ̀rọ̀ dídì. Mo ní, “Ìyá tìẹ ló sọ ọ́, kì í ṣe bàbá rẹ. Ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe ti bàbá ẹni, kò di dandan kéèyàn rù ú. Lọ ka èyí tó wù ẹ́.”

Ó ní òun mọ̀ pé ìyá òun ló sọ ọ́. Ó ti mọ̀ láti ọjọ́ Sunday yẹn, kí ìyá tó jẹ́wọ́ rárá. Mo rò pé ó ti parí. Ó wá ní, “Gíránpà, bí mo bá gbà pé ìyá mi ló sọ ọ́, kí wá ni bàbá mi bá mi sọ kẹ́yìn?”

O túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Mo ronú ẹ̀. Mo tún un rò. Bọ́ọ̀sì dé. Ó tẹ̀ kí mi, ó wọ inú ẹ̀ lọ.

Nígbà tí a padà, obìnrin náà ti ń dúró lójúde. Kò jókòó. Ó wo ojú mi, ó wo tìẹ. Ó béèrè pé kí lọmọ wí.

Mo ní kí o sọ fún un pé ọmọ ní òun ti fẹ́ràn ẹnjiníà báyìí, pé ó ní kí ìyá òun má dààmú mọ́.

O wò mí. O wá sọ ọ́ fún un bí mo ṣe wí i.

Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ mi mú, ó tẹríba, ó dúpẹ́. Ó wọlé lọ gbé oúnjẹ kaná.